Ohun Tí Ó Tọ́ Sí Ọmọ Tí Kò Sọ̀rọ̀

Nígbà tí ìjọ bá ti gbàdúrà fún ọmọ tí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí a sì ti fi owó díẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ǹjẹ́ iṣẹ́ wa ti parí? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn pé ó ti parí. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àdúrà, ọrẹ náà sì dára. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni èyí: bí ìjọba bá jẹ ọmọ náà ní gbèsè, tí àwa sì ń fi ọrẹ bo gbèsè náà mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, àwa kò ha ń ran ajigbèsè lọ́wọ́ kí ó má san án?

Ọwọ́ mi ni ìwé ìrìbọmi wà, ọwọ́ mi náà ni ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wà. Ẹni tí ó bá gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí àwọn orúkọ tí a kọ sínú èkíní ní ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tí wọn kò dé inú èkejì rí. Àwọn mìíràn ti bá òbí wọn ṣí lọ, àwọn mìíràn ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàyè ní Effurun níhìn-ín, ní Jakpa Road àti ní Enerhen, tí ìyá wọn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kí ó tó lọ sí ọjà. Kí a má pe ìyá náà ní ìkà. Ilé-ẹ̀kọ́ ti dá ọmọ rẹ̀ padà, àwọn ẹlẹ́ṣin kẹ̀kẹ́ kò fẹ́ gbé e nítorí ariwo rẹ̀, bí kò bá sì lọ sí ọjà, kí ni wọn yóò jẹ?

Nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ọ́tísìmù wà. Ọmọ náà lè má dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ kò di. Ó lè má wo ojú ẹni. Ọ̀rọ̀ lè pẹ́ kí ó tó yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè má yọ rárá. Ìlù tí ó dùn mọ́ wa létí lè máa ta á lára bí ẹgba. Bí ọpọlọ rẹ̀ ti dàgbà ni, ohun tí à ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀ sì ní ipa púpọ̀ nínú rẹ̀. Leo Kanner ni dókítà tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ní Amẹ́ríkà ní 1943, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun òyìnbó nìkan. Ní 1978 Victor Lotter tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìlú Áfíríkà mélòó kan, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Olúwa wa ní irú ìbéèrè yìí nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, ìdáhùn tí Ó fún wọn sì yé ọmọdé. Ó yà mí lẹ́nu pé a ṣì ń bi í ní àgbàlá ìjọ.

Kò sí oògùn tí ń mú un kúrò. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà lè kọ́ ọmọ láti fi àwòrán bèèrè omi, láti wọ aṣọ rẹ̀, láti jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, pàápàá bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàì sí nílẹ̀ wa. Láti 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Ọ̀yọ́ sílẹ̀ fún kíkọ́ wọn. Ohun tí ó kù ni kí a gbà wọ́n sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ìyá aláta lè dé láìsan owó gọbọi.

Òfin pẹ̀lú ti wà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ìyàtọ̀ ṣe àwọn aláàbọ̀-ara léèwọ̀, lẹ́yìn tí àwọn aláàbọ̀-ara fúnra wọn ti kan ilẹ̀kùn Àbújá fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Òfin náà fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní òṣìṣẹ́ tí a kọ́ láti tọ́jú wọn. Ó fi ọdún 5 sílẹ̀ kí a fi tún àwọn ilé ìjọba ṣe, kí arọ lè wọlé. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín lọ́la.

Ohun kan tún wà nínú òfin yìí tí ó kan ìjọ gbọ̀ngbọ̀n: ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú aláàbọ̀-ara kiri ní gbangba láti fi tọrọ owó. Nígbà tí a bá mú ọmọ wá síwájú, tí a ní kí gbogbo ènìyàn wò ó dáadáa kí wọ́n tó sọ owó sínú àwo, báwo ni a ti jìnnà sí èyí tó?

Òfin Àbújá nìkan kò tó, nítorí ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wà. Èkó kò dúró de Àbújá. Ọdún 2011 ni wọ́n ti ṣe òfin tiwọn, tí wọ́n sì dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Nítorí náà, Asaba àti ìjọba ìbílẹ̀ Uvwie ni kí a kọ̀wé sí.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà yóò sọ: àlejò ni wá níhìn-ín. Òótọ́ ni pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń san owó-orí nílùú yìí fún ogún ọdún, tí a bí ọmọ rẹ̀ níbí, ojú àlejò wo ni ó kù lára rẹ̀? Òfin kò bèèrè ìlú bàbá ọmọ. Àwọn ìyá Urhobo, Ìtsẹkírì àti Ìjọ̀ tí wọ́n jọ ń tajà pẹ̀lú wa ní irú ọmọ kan náà. Bí ìjọ tiwọn àti tiwa bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan, kò ní rọrùn láti jù ú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Àwọn mìíràn ní kí ìjọ má dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n Olúwa wa kò bá opó inú ìwé Lúùkù wí nítorí pé kò jẹ́ kí adájọ́ sinmi. Ẹlòmíràn yóò ní kí a kúkú dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwa sílẹ̀. Èrò náà ní ọlá, nítorí ìjọ ti ṣe irú rẹ̀ rí: Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Accra ní 1957, ó sì dé Ìbàdàn, àwọn Kátólíìkì sì dá Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Súrùlérè ní 1962. Ṣùgbọ́n àpò ìjọ wa kò lè san owó-oṣù olùkọ́ láti ọdún dé ọdún, kò sì yẹ kí a tan ìyá ọmọ.

Mo ti kọ ìwé náà tán. Ìwé ìbéèrè ni mo pè é, n kò pè é ní ìwé ẹ̀bẹ̀. Ohun méjì ni ó bèèrè: olùkọ́ tí a kọ́ fún iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan, ó kéré tán, ní Uvwie, àti ọjọ́ kan nínú oṣù tí a ó máa yẹ àwọn ọmọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. A kò kọ orúkọ ọmọ kankan sí i, a kò sì ní kọ ọ́ láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ọmọ ni yóò kọ́kọ́ kà á, tàbí kí a kà á sí wọn létí, kí wọ́n yọ èyí tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni yóò wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì ìjọ. Mo fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ fún orúkọ, àti fún ìka títẹ̀.