A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí i. Kò sẹ́ni tó bi àwa ará Gbaji léèrè kí wọ́n tó tì í. Ẹni tó ń ta oúnjẹ fún awakọ̀ àti ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbérò rí i pé èèyàn lè jókòó sí Àbújá kó sì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni.

Ìbéèrè tó kù sí wa lọ́kàn ni pé: ẹni tí ìpinnu máa pa lára, ṣé dandan ni ká kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́ ká gbé e wá síbi iṣẹ́, torí sọ́fítíwíà là ń kọ jẹun.

Títì tó gba Gbaji kọjá yìí náà ló gba Cotonou àti Lomé dé Accra. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Twitter fi ímeèlì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ òṣìṣẹ́ wọn níbẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ́fíìsì tuntun. Bẹ́ẹ̀, òfin iṣẹ́ Gánà ti ọdún 2003 ní kí agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ ṣe irú àyípadà bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kó sì bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jíròrò bí ìpalára rẹ̀ á ṣe dínkù.

Agbanisíṣẹ́ á ní owó ti tán, ọ̀rọ̀ ò lè bí owó. Á tún ní bí òun bá tètè sọ, ẹnìkan lè fi ìbínú pa kóòdù rẹ́. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ fọkàn tán lánàá ò ṣàdédé di olè lónìí. Tí ẹ bá bi wá, a lè ní kí ẹ gé owó oṣù gbogbo wa, kí ti ọ̀gá ṣáájú. Ẹ lè kọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ ti gbọ́.

A ò ní purọ́, ìjíròrò kì í fìgbà gbogbo gbaṣẹ́ là. Nílùú Ọba ní 1992, ìjọba kéde pé ibi ìwakùsà èédú 31 máa di títì, èèyàn bíi 30,000 á sì pàdánù iṣẹ́. Ẹgbẹ́ awakùsà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì sọ pé ìpinnu náà tako òfin, torí wọn ò bá òṣìṣẹ́ jíròrò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ṣì padà di títì. Àmọ́ àkókò tí èèyàn fi ń wáṣẹ́ míì kí owó ilé tó pé, nǹkan gidi ni.

Níbí ńkọ́? Abala 20 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ìdí tí iṣẹ́ fi máa bọ́ àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Sísọ fúnni kọ́ ni bíbini. Èyí tó dùn wá jù ni pé oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni òfin yẹn pè ní òṣìṣẹ́. Ó yọ iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí àwa má sí níbẹ̀ rárá.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ olórí náà gbọ́dọ̀ wà níjòókòó. Ó pẹ́ tí àwa tí ń kọ kóòdù ti ń fi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ti awakọ̀ ni. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tí páswọ́ọ̀dù bá kọ̀ tí ò ṣí mọ́, ta ni agbanisíṣẹ́ ìbá ti bá sọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ ká yan aṣojú kó tó dọjọ́ náà, kódà ká jẹ́ márùn-ún péré. Ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni láti bi wá. Tiwa ni ká ní ẹni tó máa dáhùn.