Ta Ló Ni Èrè Dọ́là?

Ìró àti bùbá ni mò ń rán ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Alímọ̀ṣọ́. Àwọn oníbàárà mi ní London àti Houston ń san pọ́n-ùn àti dọ́là sínú àkáǹtì dọmisílíárì mi. Báǹkì tí owó gbà kọjá á ti bu tiẹ̀. Ìyẹn kò dùn mí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ti oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní ọjọ́ 14, Báǹkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí 470 náírà sì fò kọjá 600 kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500. Abẹ́rẹ́ mi kò yára sí i, síbẹ̀ owó mi di ìlọ́po mẹ́ta. Láàárín ìgbà yẹn, epo ti wọ́n, ọmọ iṣẹ́ mi sì ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìkọ̀tún.

Àáfà wa ní Ìgàndó ní èrè yìí kò léèwọ̀: Ìsìláàmù gba kí á pààrọ̀ owó, bí a bá ti ṣe é lójú ẹsẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò bi í bóyá ó léèwọ̀. Bóyá ìbùkún ni mo bi í. Ìbùkún wo ló ń ti inú ebi ẹlòmíì jáde? Lóòótọ́, èmi kọ́ ni mo lu náírà bolẹ̀, òwú àti dísù náà sì gbówó lórí.

Lójú tèmi, èrè tí iṣẹ́ ọwọ́ mi kò bí kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba dọ́là ní Alímọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún owó ọmọ iṣẹ́ yín kí ẹ tó ra ilẹ̀ kejì.