Ìgbẹ̀yìn Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n Ọgbọ́n

Àdúrà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ni pé kí ìgbẹ̀yìn wa dára. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ àdúrà yìí di òṣùwọ̀n ìdájọ́, tí ó jẹ́ pé àbájáde nìkan ni a ń wò kí a tó pe ènìyàn ní ọlọ́gbọ́n tàbí òmùgọ̀, ǹjẹ́ a kò ti ṣìnà?

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, gbangba ni gbogbo ọmọ ayò wà. Ọ̀pẹ tí ó bá pàdánù, àìmọ̀ọ́ta rẹ̀ ni. Poker, tẹ́tẹ́ káàdì tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdojúbolẹ̀ ni àwọn káàdì kan máa ń wà. Èmi kò yin tẹ́tẹ́. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni mo ń wá.

Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí iye owó tí ènìyàn lè fi lé e lẹ́ẹ̀kan ní gbèdéke. Ká ní ẹnì kan ní káàdì méjì lọ́wọ́, tí mẹ́ta sì wà lójú tábìlì fún gbogbo wọn. Mẹ́rin nínú márùn-ún yìí ní àmì kan náà. Bí ẹ̀karùn-ún irú rẹ̀ bá dé, ká gbà pé yóò borí. Káàdì 47 ni kò tíì rí, 9 nínú wọn ni ó lè gbà á. Nítorí pé méjì ṣì ń bọ̀, yóò rí i ní nǹkan bí ìgbà 35 nínú 100.

Ṣé kí ó fi owó kún un? Bí alátakò rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, tí oníkálukú fi dọ́là 10 kún un, ìpín rẹ̀ nínú 20 náà kò ju 7 lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò sì sá, owó náà di 40, ìpín rẹ̀ di 14. Nígbà náà, ojo ni ẹni tí ó bá fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí káàdì tí ó tẹ̀ lé e bá dé lásán, ìrètí rẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí 20 nínú 100, ìpín rẹ̀ sì di 8 péré. Ó lè san tirẹ̀ nítorí owó tí ó ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tún ṣe òun ni yóò fi kún un. Ohun tí ó jẹ́ ìgboyà lẹ́ẹ̀kan ti di ìwàǹwára.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ìdájọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ máa yí bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yí.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó ṣe é bí ó ti tọ́ yóò ṣì pàdánù nígbà 65 nínú 100. Ẹni tí ń wo ìgbẹ̀yìn nìkan yóò pè é ní òmùgọ̀ nígbà 65 náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi àgbẹ̀ tí ó gbìn lásìkò, tí òjò dá lé lórí, ṣe yẹ̀yẹ́, tí a sì ń fi oyè dá ẹni tí a kò bi bí ó ti ṣe là lọ́lá. Níbi tí a kì í ti í béèrè ọ̀nà, kò sí ohun tí yóò mú ọmọdé tọ ọ̀nà.

Síbẹ̀, ìṣirò yìí kò wà fún ẹni tí àdánù kan ṣoṣo lè run. Ẹni tí ó fi owó ilé-ìwé ọmọ lélẹ̀ ti ṣìṣe kí káàdì tó ṣí, ìbáà tilẹ̀ jẹ òun ni ó jẹ ẹ́.