Ṣé Wọ̀bìà Ni Gbogbo Ẹni Tó Sanra?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣé ó tọ́ kí á máa pe arákùnrin wa tó sanra ní wọ̀bìà?

Ní 1990, Claude Bouchard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n bọ́ ìbejì ajọra 12, ọ̀dọ́kùnrin ni gbogbo wọn, ní àjẹjù ìwọ̀n kan náà fún ọjọ́ 84. Ẹnìkan fi kílò 4 lé díẹ̀ sanra, ẹlòmíràn fi 13. Ṣùgbọ́n ohun tí Táyé fi kún sábà máa ń súnmọ́ ti Kẹ́hìndé rẹ̀. Àjogúnbá ń bẹ níbẹ̀.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí àjẹjù náà kò mú sanra. Nítorí náà, kí kálukú wa ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀, kí a má sì fi ara ẹlòmíràn ṣèdájọ́ ikùn rẹ̀. Sùúrà Al-Hujuraat ti kọ yẹ̀yẹ́ fún wa. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa. Àmín.