Ṣé A Lè Pa Ohun Tí Ojú Ti Rí Rẹ́?

Bí ọkùnrin kan bá dá ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìjàkadì lójú gbogbo ọjà, tí àwọn àgbà wá jókòó lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tí wọ́n ní kò dá a, kí ni kí a wí fún àwọn tí ó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà? Ẹ̀yin òǹkàwé, èyí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Southern California tí ó wà ní ìlú Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní USC.

Bọ́ọ̀lù tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, tí ó ṣe ṣóńṣó ní ìhà méjèèjì, tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré la àárín àwọn òmìrán kọjá. Ní ọdún 2005, Reggie Bush ni ó ń bá USC gbé e sáré. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù November, nígbà tí wọ́n pàdé Fresno State, 513 yáàdì ni ó gbé bọ́ọ̀lù rìn. Ìgbà 12 ni USC ṣeré ṣáájú àṣekágbá, ìgbà 12 náà ni wọ́n borí. Ní oṣù December, wọ́n fún Bush ní àmì-ẹ̀yẹ Heisman, tí í ṣe ti ẹni tí ó ta gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ yọ.

Ní ọjọ́ 4 oṣù January, ọdún 2006, wọ́n pàdé Texas ní Pasadena. Eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, USC ló wà níwájú, yáàdì 2 péré ni wọ́n sì ń wá. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún. Bush dúró ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń wòran. Wọ́n dá onítọ̀hún dúró. Texas gba bọ́ọ̀lù, ó sì fi 41 sí 38 borí. (Bí ó bá ṣe èmi ni, Bush ni n bá gbé e fún.)

Ní ọdún 2010 ni ìdájọ́ dé. NCAA, ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso eré àwọn yunifásítì, ní Bush àti àwọn ẹbí rẹ̀ gba owó àti ilé gbígbé lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ di aṣojú rẹ̀ lọ́la. Wọ́n pa ìṣẹ́gun 14 rẹ́: 12 ti ọdún 2005 àti 2 tí ó ṣáájú wọn. Bush fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda Heisman.

Mo gbà pé òfin ni òfin, àti pé ẹni tí ó wọ ẹgbẹ́ ti gba òfin ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbi pẹpẹ, níbi pẹpẹ ni í ti í jẹ. Yunifásítì ń jẹ níbẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń jẹ, àwọn onítẹlifíṣọ̀n ń jẹ. Ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù nìkan ni òfin ní kí ó máa gbààwẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti pípa ìṣẹ́gun rẹ́. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè kò lè ṣàìṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lò ni èyí tí a ń lò fún ẹni tí ó kó jáde nínú ilé. Ìṣẹ́gun kó jáde, ẹnikẹ́ni kò kó wọlé, nítorí wọn kò fi í fún Fresno State. Ta ni ó borí lálẹ́ ọjọ́ náà? Ṣùgbọ́n Texas kò pàdánù ìṣẹ́gun tirẹ̀. A lè gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí ọlá ni, ẹni tí ó fi fún ni lè gbà á padà. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi fún ni.

Láti oṣù July, ọdún 2021, òfin ti gba àwọn eléré láàyè láti fi orúkọ wọn pa owó. Láti oṣù July, ọdún 2025, àwọn yunifásítì fúnra wọn ti lè san owó fún wọn. Ní oṣù April, ọdún 2024, wọ́n dá Heisman padà fún Bush. Ìṣẹ́gun 14 kò bá a padà. Ìdájọ́ náà sì ti dí USC lọ́nà eré àṣekágbá ní ọdún 2010 àti 2011. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà Bush ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ kí ìdájọ́ tó dé. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18 lọ́dún náà, ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí Bush ń sáré. Ta ni yóò dá ọdún 2 padà fún un?