Ìwúre fún Òṣìṣẹ́ Òkè-Ògùn

Ọlọ́run Ọba, Ìwọ tí o tẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn yìí láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Ìgbòho, a dé láti wúre. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi ṣe àmín, kí àmín yín má falẹ̀.

Àwọn tó ṣíwájú la ó kọ́kọ́ rántí. Tẹ́ Michael Imoudu, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, sí afẹ́fẹ́ rere, ẹni tí ìjọba amúnisìn lé lọ sí Auchi ní 1943, tó padà dé ní 1945, tó tún kó sínú ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún náà. Tẹ́ àwọn awakùsà mọ́kànlélógún tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Iva Valley, Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949 sí afẹ́fẹ́ rere. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń béèrè. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ lásán. Àmín.

Ọlọ́run, a kò wá sọ pé kò sí òfin. Oṣù tí a gba òmìnira gan-an, oṣù kẹwàá 1960, ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 87 àti 98 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, pé kí òṣìṣẹ́ lè kóra jọ, kí wọ́n sì bá ọ̀gá wọn dúnàádúrà. Lọ́dún 1973, òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dé: bí ẹgbẹ́ bá ti forúkọ sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, yóò san owó ìtanràn. Nínú àkójọ òfin 2004, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ìtanràn ọ̀hún. Èrò kan kò lè fi ẹgbẹ̀rún kan wọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn lónìí. Ìwọ lo mọ ọ̀gá tí owó yẹn ń bà lẹ́rù.

Àbá òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń wọlé, ó ti ń jáde l'Ábùjá láti ọjọ́ pípẹ́. Olúwa, bó bá tún wọlé, má jẹ̀ẹ́ kó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹni tó bá ń kọ ọ́, jẹ́ kó kọ́kọ́ ya ilé òfì kan n'Ísẹ́yìn.

Kó wo ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó na òwú gígùn síta, ẹrù wúwo ló dì í mú lọ́hùn-ún; ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ju ọ̀kọ̀ lọ, ó ń jù ú bọ̀. Òwú kì í ṣe tirẹ̀. Òfì lè má jẹ́ tirẹ̀. Iye tó bá hun ni wọ́n ń san fún un. Bí ẹ̀yìn bá sì ń ro ó, kò sí ọ́fíìsì tí yóò gbé e lọ. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní 2024, àwọn àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, NLC àti TUC, ló jókòó síwájú ìjọba, tí wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tilẹ̀ sún un dé 80,000. Ta ló jókòó fún ahunṣọ? Òfin owó oṣù ti 2019 yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tí ń gbowó lórí iye tó bá ṣe. Òfin ẹgbẹ́ ní tirẹ̀ ní kí ènìyàn 50 péjọ kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Mélòó ló ń bẹ nínú ilé òfì kan?

Ọlọ́run, rántí àwọn ahunṣọ. Rántí tíṣà ilé ìwé aládàáni ní Ṣakí, tí wọ́n sọ fún pé ẹni tó bá dárúkọ ẹgbẹ́ kó máa lọ ilé rẹ̀. Rántí alágbàṣe oko tábà. Kí òfin tó ń bọ̀ mọ orúkọ wọn. Àṣẹ.

A kò ṣépè fún àwọn ọ̀gá. Kí ọjà wọn tà, kí èrè wọn pọ̀ débi tí àwáwí yóò tán lẹ́nu wọn. Ẹgbẹ́ náà ńkọ́? Alága tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń bá ra epo sí mọ́tò, tí kò lè sọ ibi tí owó ẹgbẹ́ gbà lọ, Olúwa, bí kò bá ní yí padà, yí i kúrò lórí àga. (Ẹ ṣe àmín yìí dáadáa, mo mọ̀ pé ẹ lóye mi.)

Àwọn aṣojú wa láti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn, fún wọn ní etí tó ń gbọ́ bí ti àsìkò ìbò. Ọjọ́ tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá jókòó sídìí tábìlì kan náà, jẹ́ kí ìwé àdéhùn wà ní èdè tí àwọn méjèèjì lè kà, kí ẹ̀dà kan sì délé ahunṣọ. Àmín, àṣẹ.