Ìdájọ́ àti Ìjìyà nínú Ìtàn Àròsọ Onímérìíyìírí

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo bí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn onímérìíyìírí ṣe ń fi ìyà jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ D. O. Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Àkàrà-Ògùn sọ fún wa pé àjẹ́ paraku ni ìyá òun, àti pé ó ti pa nínú àwọn ìyàwó àti ọmọ baba òun. Baba rẹ̀ yìnbọn fún ẹranko kan. Nígbà tí ó délé, òkú ìyàwó rẹ̀ ni ó bá. Ìbọn ni ó parí ẹjọ́ náà. Síbẹ̀, òǹkàwé kì í káàánú obìnrin yìí, nítorí pé a ti jẹ́rìí sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un kí ìbọn tó dún.

Nígbà kan, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Sùúrùlérè bóyá ohun tí baba náà ṣe tọ́. Gbogbo wọn nawọ́, àfi ọmọkùnrin kan tí ó ń ti Muṣin wá. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwọn tí ó lu ẹ̀gbọ́n mi náà ní ó dá àwọn lójú.” Obìnrin kan ni ó pariwo olè ní ibùdókọ̀, ni èrò bá bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Apá rẹ̀ ti kán kí obìnrin náà tó rí fóònù rẹ̀ nínú báàgì ara rẹ̀. Kíláàsì pa lọ́lọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyí. Nínú ìtàn, òǹkọ̀wé rí inú, ó rí òde. Ní òpópónà Muṣin, kò sí ẹni tí ó ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, fi ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí aláìṣẹ̀ títí ẹ̀sùn náà yóò fi hàn gbangba lórí rẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé ilé ẹjọ́ a máa fa ọ̀rọ̀ gùn jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó falẹ̀ ṣì ṣe é tún ṣe. Òkú kò ṣe é jí.

Òǹkọ̀wé sì lè ṣe ju pé kí ó jẹ́rìí lọ. Nínú Children of Blood and Bone (2018), Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Amẹ́ríkà, sọ ìtàn Ọba Saran, ẹni tí ó pa àwọn tí ó ní agbára idán nípakúpa. Kí ìwé náà tó parí, a gbọ́ tẹnu ọba pẹ̀lú: irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfò rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun ni olùpẹjọ́, òun náà ni adájọ́. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé; Saran gé gbogbo ọwọ́. A gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó sì jẹ̀bi síbẹ̀, nítorí pé gbígbọ́ ẹjọ́ kì í ṣe ìdáríjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí ìbéèrè bá wá lórí ẹ̀san nínú ìwé, ẹ má ṣe ka orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ àti ìyà rẹ̀ nìkan. Ẹ bèèrè: Ta ni ó fẹ̀sùn kàn án? Ta ni ó gbọ́ tẹnu rẹ̀? Ǹjẹ́ ìyà náà bá ẹ̀ṣẹ̀ mu? Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè wọ̀nyí kọ́ wọn dáadáa. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n bèèrè lórí ìwé lè rántí bèèrè rẹ̀ ní ibùdókọ̀.